Omi Ọmú Láàárín Ẹja Yìnyín

Títí di òní, bí mo bá gba Siluko Road kọjá tí òórùn ẹja yìnyín sì kọ lù mí, àyà mi máa ń kọ́kọ́ wúwo bí ẹni pé ọmú fẹ́ ṣàn. Ọmọ mi ti kúrò lẹ́nu ọmú tipẹ́. Ó ti ń jẹ ẹ̀bà, ó sì ti ń fi Píjìn bá mi jiyàn. Síbẹ̀ ara mi kò gbàgbé, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí àlàyé ni iṣẹ́ mi nígbà náà. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, màá ṣàlàyé. Bí inú mi bá dùn, màá ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kó dùn jù.

Uwasota, nílùú Benin, là ń gbé, nínú yàrá méjì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti wá iṣẹ́ títí bàtà mi fi jẹ. Ìgbà tí oyún mi tóbi débi tí n kò rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí Siluko Road pè mí pé kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n gbà kí n kọ́kọ́ bímọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí sáà tuntun bá wọlé tí àwọn kò rí mi, àwọn á mú ẹlòmíràn. Wọ́n tún ní olùkọ́ kì í gbé ọmọ wá sí kíláàsì.

Ìyá ọkọ mi wá láti Òṣogbo láti bá mi tọ́jú ọmọ. Màmá kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dákẹ́ tí wọ́n wò ọ́, wà á mọ̀ pé wọ́n ti sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń fa àríyànjiyàn láàárín wa ni omi. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi ní kílíníìkì pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Màmá ní gbogbo ọmọ tí àwọn bí ló mu omi, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì rí fẹ́ yẹn. Mo ṣàlàyé. Mo fi fídíò hàn wọ́n lórí fóònù. Mo ya àwòrán ìfun ọmọ sórí ìwé. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní ó dáa: níwọ̀n ìgbà tí ọmú bá wà nílé, àwọn kò ní fún un lómi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá wà níbi iṣẹ́ tí kò sí ọmú nílé, àwọn kò ní jókòó kí òùngbẹ máa gbẹ ọmọ ọmọ àwọn.

Bí ife rọ́bà ṣe wọlé wa nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ló fi ta mí lọ́rẹ: ife kan tó rọ̀ bí etí, tí kò ní wáyà, tí kò ní bátìrì. Èèyàn á fún ikùn rẹ̀ pọ̀, á gbé ẹnu rẹ̀ lé ọmú, á jọ̀wọ́ rẹ̀, ife náà á sì dì mọ́ ara fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá ń mu ti ọ̀tún, ife á máa gba èyí tó ń kán ní òsì. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí i, wọ́n gbé omi ìwẹ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé bọ̀ kalẹ̀.

“Kí ló dì mọ́ ọ láyà bí eégbọn yìí?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán pátá.

“Ó dáa. Kí Eégbọn rẹ má ṣáà mu ti ọkọ mi mọ́ ọn.”

Ọmọ náà ni wọ́n ń pè ní ọkọ wọn. Láti ọjọ́ náà, Eégbọn di ará ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba tó ń gbà kò ju ohun tí èèyàn lè fi tọ́ ahọ́n lọ, ọmọ a sì tún máa fi ẹsẹ̀ gbá a dànù sórí aṣọ mi. Ìgbà kan tó gbá a báyìí, mo sunkún. Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe omi ọmú tó dànù ni mò ń sunkún fún, bí kò ṣe ohun tí omi ọmú náà dúró fún nínú ọkàn mi. Ó ní òun gbọ́. Ó wá béèrè bóyá oúnjẹ wà.

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ́ ọn. Mo ń da ohun tí ife bá gbà sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké bí irú èyí tí wọ́n fi ń ta kúnú, mo ń so ó lẹ́nu, mo sì ń tò ó sókè fíríjì níbi tí nǹkan ti ń dì. Ọjọ́ tí ibẹ̀ kún, orí mi wú débi pé mo pe Màmá wá wò ó. Mo ṣí ilẹ̀kùn fíríjì sílẹ̀ gbayawu. “Tótó ṣe bí òwe o, Màmá. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.”

Màmá ti ilẹ̀kùn fíríjì kí òtútù má bàa jáde tán. “Wà á rí òmíràn pa,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn, bí àgbà ṣe ń dá ọmọdé tó pòwe lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni tiransifọ́mà àdúgbò wa dún gbàmù, tí iná sì lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, gbogbo ará àdúgbò ló sì wà lórí tiransifọ́mà kan náà. Mo ń tẹ àwọn náílọ́ọ̀nù wò bí ẹni tó ń wo ibà lórí ọmọ. Mo rí i tí Màmá wo ìgò omi tó wà lórí tábìlì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó di Siluko Road, lọ́dọ̀ obìnrin ará Ẹdó tí a máa ń ra ẹja yìnyín lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kì í sinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí kílíníìkì, mo dé orí ìfun ọmọ, mo dé orí ìyá ọkọ. Ó ṣí kúlà, ó na náílọ́ọ̀nù kan sókè sí oòrùn.

“Na akamu be dis?”

Mo fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ògì, mo sì sọ ohun tó jẹ́. Ó wo náílọ́ọ̀nù, ó wo àyà mi, ó sì pe ẹni tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín tán, ẹlẹ́ja náà kò bi mí léèrè bí nǹkan ṣe rí lára mi rárá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ibi tí òun yóò kó o sí nínú fírísà: ṣé ẹ̀gbẹ́ kòtè ni tàbí ẹ̀gbẹ́ títù? Mo ronú sí i dáadáa. Mo yan ẹ̀gbẹ́ títù, torí lójú mi, ẹja títù níyì ju kòtè lọ.

Iná dé ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Mo lọ kó ẹrù mi, gbogbo rẹ̀ ṣì le bí òkúta, mo sì dì mọ́ obìnrin ẹlẹ́ja náà. Èmi kò gbóòórùn kankan. Ẹni tó dúró láàárín ẹja, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń rùn?

Ọjọ́ Ajé dé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí yìnyín ṣe ń di omi, ìgbéraga sì kún inú mi, nígbà tí agogo ìsinmi lù, tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì wá sọ fún mi pé ìyá arúgbó kan wà níta, ọmọ tó pọ̀n sì ń ké. Mo sáré. Màmá ni. Màmá tí kò gbọ́ Píjìn, tí kò tíì dá wọ kẹ̀kẹ́ rí nílùú Benin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀, “Siluko,” ni wọ́n sọ fún ẹni tó gbé wọn. Nígbà tó já wọn sílẹ̀, wọ́n ń yà ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi Yorùbá béèrè ìyàwó wọn. Eruku ti bo ẹsẹ̀ wọn.

Mo jókòó sórí àga ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo gbé ọmú sọ́mọ lẹ́nu. Àárín ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa jáde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí ojú òun ń rí yìí. Iṣẹ́ tí mo wá títí ni mo rí tó ń lọ. Mo fẹ́ dìde kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Màmá gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

“Jókòó, ìyàwó. Ọmọ ń jẹun.”

Wọ́n wá kí ọ̀gá mi ní Yorùbá, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n kí i kú àmójútó. Kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó wo ojú wọn, ó wo ẹsẹ̀ wọn tó kún fún eruku, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àkókò ìsinmi nìkan ni o, ẹnu ọ̀nà nìkan ni, kò gbọdọ̀ dé kíláàsì. Ó sì wọlé.

Mo wá bi Màmá bóyá ohun tí mo fi sílẹ̀ kò tó ni. Wọ́n ní ó tó, ó kù rẹpẹtẹ. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó tu ú jáde. Àwọn náà tọ́ ọ wò.

“Ẹja ni,” wọ́n ní.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ju ìtìjú lọ. Mo rọra béèrè bóyá wọ́n wá fún un lómi. Màmá wò mí ní irú wíwò wọn yẹn.

“Ọmú wà nílé, àbí kò sí? Àdéhùn wa ni pé bí ọmú bá wà, kò sí omi. A ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ dùn.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń pọn ọmọ wá ní gbogbo àkókò ìsinmi títí sáà náà fi parí. Èmi tí mo ya àwòrán ìfun fún wọn, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi.

Màmá ti padà sí Òṣogbo. Bí wọ́n bá pè, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ọkọ wọn ti jẹun, ọkọ wọn á sì fi Píjìn dáhùn pé òun don chop. Ẹja títù ló fẹ́ràn jù. Obìnrin ẹlẹ́ja ń pè mí ní Mama Akamu títí di òní. Eégbọn wà nílé ìwẹ̀, ọmọ ń fi bu omi ṣeré. Nígbà mìíràn tí mo bá dúró tí mò ń wò ó, òwe tí mo fi fọ́nnu níwájú fíríjì máa ń padà wá sí mi lọ́kàn. Màmá ní màá rí òmíràn pa, n kò tíì rí i. Èyí tí mo pa náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lóye. Ilẹ̀ tútù ni mo tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo da omi síbẹ̀, Màmá ni.