Ọwọ́ Tó So Màrìwò

Ọyẹ́ ló ń jí Dáreolúwa ní Parakou. Kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí àdúgbò Titirou. Ọyẹ́. Eruku lójú fèrèsé, eruku nínú ife, ètè tó ti là. Á jókòó sétí ibùsùn, á máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dìde. Ó ń dìde, ìyẹn dájú.

Ọmọ Kétu ni. Iṣẹ́ fọrẹtíyè ló ń ṣe, àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ igbó. Ní Parakou, igbó tó ń ṣọ́ kò ju ìwé lọ: ìwé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé gẹdú kọjá. Ó ń wò ó, ó ń lu òǹtẹ̀ lé e. Lọ́sàn-án, iyán àti wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní, lọ́dọ̀ obìnrin kan náà. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọlará, ń ṣe tíṣà ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ wà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Kò dùn ún. Ohun tí kò yé e gan-an nìyẹn. Kò dùn ún rárá.

Kó tó dé Parakou, Ìdí-Ẹ̀gbà ló wà. Abúlé Ànàgó kan, níbi tí ọ̀sà ti fẹ́ kan òkun. Inú àbàtà ibẹ̀ ni igi ẹ̀gbà ń hù sí, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ sókè omi bí obìnrin tó ká ìró sókè kó má baà tutù. Abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni akàn ń yé sí. Ibẹ̀ lẹja ń tọ́mọ. Ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń ṣa ìṣáwùrú. Igi yìí kan náà ló sì ń jó dáadáa jù lábẹ́ ìkòkò iyọ̀ àti lábẹ́ ẹja yíyan. Nítorí náà, wọ́n ń gé e.

Àwọn fọrẹtíyè tó ṣáájú Dáreolúwa lé wọn. Wọ́n gba àdá, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi. Igi ṣáà ń wó. Òun kò lé ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ẹní àwọn obìnrin, ó bá wọn fọ́ ìdí ìṣáwùrú títí ìka rẹ̀ fi bó. Lórí ẹní yẹn ló ti mọ Àràmọ́tù, olórí àwọn obìnrin tó ń wọ àbàtà.

"Fọrẹtíyè," Àràmọ́tù sọ fún un, "inú ìwé ni òfin rẹ wà. Akàn ò lọ sílé-ìwé."

"Kí ni ká wá ṣe, Ìyá?"

"Ká ti àbàtà bí àwọn ìyá wa ṣe ń tì í."

Bí wọ́n ṣe ń tì í nìyí. Tí akàn bá ti ń gbé ẹyin, wọ́n á ta okùn màrìwò dí ẹnu àbàtà. Kò sẹ́ni tó ń wọlé, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ àlejò. Tí akàn bá yé tán, wọ́n á tú okùn, àwọn obìnrin á wọlé tìlù tìlù, igi gbígbẹ nìkan ni wọ́n sì máa ṣẹ́. Kò gba ọlọ́pàá. Ẹni tó bá já màrìwò, kò sẹ́ni tó máa ra ohunkóhun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́.

Ẹni méjì ló ń so okùn náà. Ọ̀kan nínú ilé, ìyẹn ọmọ abúlé, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn fẹ́ kí wọ́n tì í, láti ibikíbi tó bá ti wá. Àwọn méjèèjì tó bá sì so ó ni yóò jọ tú u. Fọrẹtíyè mìíràn ì bá dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ kó máa ya fọ́tò. Dáreolúwa kò fẹ́ ṣe àlejò. Nígbà tí wọ́n ń wá ọwọ́ kejì, ó na tirẹ̀. Wọ́n hó yèè. Inú tirẹ̀ náà dùn.

Àṣìṣe ọ̀hún nìyẹn. Kò sí ẹni tó rántí pé òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹyẹ orí ẹ̀ka ni.

Ó so ó, ó tú u. Ọdún yí po, ó tún so ó, ó tún tú u. Àwọn ọmọ ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lójú omi. Ó so ó lẹ́ẹ̀kẹta. Màrìwò náà ò tíì gbẹ tí ìwé fi dé láti òkè. Parakou.

Nígbà tí àkókò àtitú tó, Àràmọ́tù pè é.

"Ọmọ mi, akàn ti yé tán o. Máa bọ̀."

"Mò ń bọ̀, Ìyá."

Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó jẹ́ kí iṣẹ́ fúyẹ́ ná. Kò tọrọ mọ́. Àràmọ́tù tún pè. "Mò ń bọ̀, Ìyá." Ó ti ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ẹ káàárọ̀.

Alájì Kàsìmáwò, tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, ló ni ilé tó ń gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn méjèèjì wà níwájú ilé, rédíò láàárín wọn.

"Dáre, ta lò ń tàn lórí fóònù yìí? Obìnrin ni?"

"Ìyá àgbà kan ni, Alájì. Létí ọ̀sà."

Ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un. Alájì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú.

"Ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ ọmọ yunifásítì, o lọ so ara rẹ mọ́ màrìwò!" Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ń lọ sí ìsàlẹ̀. Kí ló dá ọ dúró?"

"Iṣẹ́ ni."

"Ta ló ń lu òǹtẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

Dáreolúwa mọ ohun tó dá a dúró. Níwọ̀n ìgbà tí okùn bá ṣì wà ní síso, ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Tó bá tú u, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á fún un ní akàn, ó parí. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì dùn ún. Bí ìgbà téèyàn fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri.

Ìpè tó tẹ̀ lé e kò gùn.

"Màrìwò ti ń jẹrà," Àràmọ́tù wí. "Ebi ń pa ilé. Mùjàhídì àtàwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ní àwọn á wa ọkọ̀ ojú omi gba àárín rẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá já a lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì? Gbogbo igi yẹn á lọ."

"Mò ń bọ̀, Ìyá."

Àràmọ́tù pa fóònù.

Lọ́jọ́ Sátidé, alùpùpù sémì kan, irú èyí tó ń gbé èrò, dúró níwájú ilé. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìborùn bo imú, kẹ́ẹ̀gì omi kan wà láyà rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Àràmọ́tù ni. Ó wo eruku ọ̀tún, ó wo tòsì.

"Ṣé ibi tí wọ́n ti ń yan èèyàn gbẹ nìyí?"

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni Alájì wí. "Àwa là ń gbẹ lóòótọ́. Ẹ̀yin etí omi lẹ̀ ń rà."

"Ẹ ṣáà ń ra ẹja wa, bàbá."

Dáreolúwa ti dọ̀bálẹ̀. Àràmọ́tù wò ó látòkè délẹ̀.

"O rù."

"Ọyẹ́ ni, Ìyá."

"Ọyẹ́ kì í jẹ ẹran ara."

Ó jókòó, ó mu omi, ó ní kí wọ́n gbé abọ́ wá. Ó da omi kẹ́ẹ̀gì sínú rẹ̀. Omi ọ̀sà. Òórùn ẹrẹ̀, iyọ̀, ewé tó ti rà, dé inú àgbàlá Titirou.

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá lè dé, omi á gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìyá ìyá mi ló sọ fún mi. Wẹ ọwọ́ rẹ sínú rẹ̀, kó o dárúkọ ẹni tí yóò tú u. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, kì í padà. Ẹni tó o bá fún ló ni ín. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni yóò so ó."

"Mo lè wá fúnra mi, Ìyá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀..."

"Dáreolúwa." Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọ̀sán yìí ni ọkọ̀ mi ń padà. Dìde, ká jọ lọ."

Alájì yí ohùn rédíò wálẹ̀. Dáreolúwa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí ó gbéra. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Kò gbéra.

"Mi ò lè lọ," ó wí. Láti ìgbà tí Ìyá ti ń pè é, èyí lòótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún un.

Àràmọ́tù kò bínú. Ó ti abọ́ sún mọ́ ọn.

Dáreolúwa ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Iyọ̀ wọ gbogbo ibi tí ọyẹ́ ti là á. Ó ta á. Ó ta á gan-an. Kò yọ ọ́.

"Dárúkọ."

"Mùjàhídì."

"Mùjàhídì wo?"

"Èyí tó fẹ́ já a."

Àràmọ́tù pàtẹ́wọ́. "Ọ̀yà tó ń jẹṣu lo fẹ́ fi ṣọ́ oko!"

"Ìyá, tó bá di tirẹ̀, ta ló kù tí yóò kó ẹgbẹ́ jọ já a? Ìyá rẹ̀ sì ń ta akàn. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ó máa wò ó."

Ẹ̀rín wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti igun ẹnu obìnrin náà.

"Ó ṣì ku nǹkan nínú ọmọ yìí," ni Alájì wí.

Àràmọ́tù da omi padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Díẹ̀ dà nù, ilẹ̀ mu ún lójú ẹsẹ̀. Dáreolúwa sìn ín dé ibùdókọ̀.

Mùjàhídì ló pè é lẹ́yìn náà. Ariwo obìnrin, ariwo omi, òun náà ń pariwo lórí gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo ti tú u o! Akàn bí àtẹ́lẹwọ́! Ẹnì kan tiẹ̀ lọ gé igi tútù, mo ti gba àdá rẹ̀."

"Rọra bá a sọ̀rọ̀. Má gba..."

"Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ ilé ni."

"Ó dáa," Dáreolúwa wí. Ṣùgbọ́n Mùjàhídì ti lọ.

Òjò dé sí Parakou, ọyẹ́ lọ. Nígbà tí àkókò tí akàn ń gbé ẹyin tún pé, Dáreolúwa gbé fóònù síwájú rẹ̀ lórí àga. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú. Àkókò náà kọjá.

"Wọn ò pè?" Alájì béèrè.

"Wọn ò pè."

"Ṣé ó dáa, àbí kò dáa?"

Wọ́n ti so ó láìsí òun nìyẹn. Ọwọ́ méjì, méjèèjì nínú ilé. Dáreolúwa wá inú ara rẹ̀ bóyá ohun kan wà níbẹ̀, ìdùnnú ni o, ìbànújẹ́ ni o. Ó wá a fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dáa, Alájì."