Ládòkun Awakatakata àti Oko Ìyá Sodiqat

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Ago-Amodu, tí àlejò kan wá ń béèrè Ládòkun, wọ́n á ní kó tẹ́tí sílẹ̀. Ibi tó bá ti gbọ́ ìró katakata, kó gba ibẹ̀ lọ. Ládòkun ló ń wa katakata tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìlú náà rà. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé bó bá túlẹ̀ tán, poro rẹ̀ á tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Kì í mutí, kì í pẹ́ lórí ibùsùn, kì í sì í fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àléébù kan ló ní. Kò lè wo ojú èèyàn kó sọ pé, "Kò ní ṣeé ṣe."

Bí ẹnì kan bá wá béèrè ìgbà tó máa dé oko òun, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni." Ẹlòmíràn á dé, á tún fún un ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Inú rẹ̀ kàn máa ń dùn bó ṣe ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣàdúrà fún un tí wọ́n ń lọ. Mujeebat, ìyàwó rẹ̀, ti sọ ọ́ títí.

"Bàbá Ismaheel, Ọjọ́bọ̀ mélòó ló wà lọ́sẹ̀?"

Á rẹ́rìn-ín, á ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní ń pani.

Lọ́dún tó kọjá, oṣù Kejì ò tíì parí tí Sàfúrátù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sodiqat, wá bá a nílé. Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà ọyẹ́, oko éékà mẹ́ta tí bàbá náà fi sílẹ̀ lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sì ti di tirẹ̀ nìkan. Ó ti ṣán an, ó ti sun ún. Títú ló kù.

"Ládòkun, ìwọ náà mọ ilẹ̀ yẹn," ó wí. "Ó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá odò. Tójò bá fi lè pọ̀, ẹsẹ̀ èèyàn gan-an á máa rì níbẹ̀, ká má tíì sọ ti katakata. Ìdí tí mo fi tètè wá nìyẹn."

"Ìyá Sodiqat, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ ṣe."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ju Ládòkun lọ lọ́jọ́ orí. Ìkúnlẹ̀ yẹn ṣì ń dun Ládòkun títí dòní.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, gbogbo ìlú ló fẹ́ túlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù Ládòkun kò sinmi. Bó bá wà lóko lágbájá, tí tàmẹ̀dò bá pè tó ń bínú, á fi oko lágbájá sílẹ̀ ní ìlàjì, á gba ọ̀dọ̀ tàmẹ̀dò lọ kí wọ́n lè rí i pé ó dé. Láàárọ̀ ó wà lápá Ògbooro, lọ́sàn-án ó wà lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní ìrọ̀lẹ́ ó tún ti padà. Katakata kì í sáré bí ọ̀kadà. Ojú ọ̀nà ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ro ó, síbẹ̀ ẹni tí oko rẹ̀ parí kò tó nǹkan.

Ó dá Ọjọ́rú fún Ìyá Sodiqat, kò lọ. Ó dá Sátidé, kò lọ. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà á se oúnjẹ òṣìṣẹ́, á gbé e dé oko, á jókòó sábẹ́ igi emi kan títí oòrùn á fi wọ̀. Ládòkun dá Túsìdeè fún un lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì fi Ọlọ́run búra.

Ní Túsìdeè ọ̀hún, oko Alàgbà Oyèdèjì ló wà. Alàgbà Oyèdèjì ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun fẹ́ túlẹ̀, Ládòkun ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún alága pé kó dúró. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, fóònù dún. Ìyá Sodiqat ni. Ládòkun pa katakata kí obìnrin náà má baà gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé fóònù sétí.

"Ìyá Sodiqat, ẹ má bínú," ó wí. "Mo ti wà lójú ọ̀nà oko yín. Táyà ló jò, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. N ó dé láìpẹ́."

Obìnrin náà ní, "Ládòkun, wẹ̀yìn wò."

Ó wẹ̀yìn wò. Ìyá Sodiqat dúró sí etí oko, fóònù ṣì wà létí rẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé e wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Abọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi aṣọ dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó ṣépè, ì bá sàn. Ó kàn rọra rìn wá, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà katakata tí kò jò. "O kú iṣẹ́," ó wí. "Ẹ̀wà ni mo sè. Tí mo bá gbé e padà sílé, yóò ṣòfò." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ládòkun dúró síbẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò lè jẹ oúnjẹ náà, kò sì lè dà á nù. Ó gbé e délé, nígbà tí Mujeebat béèrè ẹni tó ni abọ́, ó kọjá sí yàrá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò ńlá ti rọ̀. Ládòkun wa katakata lọ sí oko Ìyá Sodiqat ní kùtùkùtù, ó bá omi tó tẹ́jú lórí ilẹ̀ náà. Táyà iwájú rì gan-an bó ṣe fẹ́ wọlé, ó tún yára fà á sẹ́yìn. Òjò kò dáwọ́ dúró mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni katakata kò fi lè wọ ilẹ̀ yẹn. Àgbàdo àkọ́rọ̀ àwọn yòókù ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti Ìyá Sodiqat kò tíì dé ilẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ni ẹgbẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n bi Ládòkun ìdí tí èèyàn púpọ̀ fi ń ráhùn. Ó dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òjò, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa epo dísù katakata tí kò dé lásìkò. Ó rí Ìyá Sodiqat ní ìkángun ìjókòó, ó sì fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Mo ṣèlérí ju ohun tí ọwọ́ mi ká lọ. Mo sì parọ́."

Wọ́n ní kí Ìyá Sodiqat sọ tirẹ̀. Kò fẹ́ dìde. Nígbà tó dìde, kò wo Ládòkun.

"Ọ̀lẹ kọ́ ni," ó wí. "Mi ò rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí i tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó sọ fún mi nínú oṣù Kejì pé òun ò ní ráyè ni, ǹ bá ti wá àwọn tó máa fi ọkọ́ kọ ọ́. 'Bẹ́ẹ̀ ni' tó sọ fún mi ló ba oko mi jẹ́."

Alàgbà Oyèdèjì tẹ orí ba. "Èmi náà jẹ̀bi," ó wí. "Mi ò bi í léèrè ẹni tó ṣáájú mi."

Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹnu kò pé wọn yóò máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ túlẹ̀ sára ògiri ibi ìpàdé bí wọ́n bá ṣe dé sí. Apá kan ìlú ni katakata yóò máa wà lọ́sẹ̀ kan, kò sì ní kúrò lóko kan láìparí rẹ̀. Bí Ládòkun bá ń ṣiṣẹ́, ilé ni fóònù rẹ̀ yóò wà, lọ́dọ̀ Mujeebat. Èèyàn mélòó kan bínú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ládòkun sọ fún ọkùnrin kan pé kò ní ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, èébú ló ń retí. Ọkùnrin náà kàn mi orí, ó ní, "Ó dáa, jẹ́ n wá ọ̀nà míì."

Lọ́dún náà, ẹ̀wà nìkan ni Ìyá Sodiqat rí gbìn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ládòkun lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà ní òun ti dárí jì í, ó sì fún un lómi mu. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀yìnkùlé ni Ládòkun ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí kó má baà kọjá níwájú ilé obìnrin náà.

Lọ́dún yìí, orúkọ Ìyá Sodiqat ló ṣe ìkẹta lára ògiri. Ládòkun dé oko rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ní aago méje àárọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Obìnrin náà ti gba ọjà lọ, kò dúró dè é. Ládòkun tún gun orí katakata, ó ṣáná sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀ láti apá odò.