Obìnrin Tó Ń Fọṣọ Lábẹ́ Ìborùn Mi

Ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Forest Hill ni mo ti rí i: ẹ̀dà àwòrán ìlú kan létí omi ní Họ́láńdì, ilẹ̀ tí àǹkárá gidi ti ń wá, láyé ìgbà tí kò tíì sí mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi kó àgbá, èéfín ń rú lórí òrùlé, obìnrin kan lóṣòó létí omi, ó ń fọṣọ, ọkùnrin kan sì kówọ́ sápò lórí afárá, ó ń wò ó. Mo fi há abíyá wọ bọ́ọ̀sì dé Peckham. Ọkọ mi kan ìṣó rẹ̀, ìṣó náà sì wọlé tààrà. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Inú mi ṣì ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí òrùlé ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Kennington bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Uncle bá kó wá sọ́dọ̀ wa títí wọ́n á fi tún un ṣe. Àpótí mi kún yàrá kékeré tí wọ́n ń sùn, ẹní ìkírun ò gba ibẹ̀. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, gangan níwájú àwòrán mi.

"Ìyàwó, a kì í kọjú sí àwòrán èèyàn kírun. Gbé e kúrò."

Mo kúnlẹ̀. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò yín ò lè kan irú ìṣó yẹn lẹ́ẹ̀mejì láyé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, fi aṣọ bò ó. Tó bá ṣì ń dà mí láàmú di Jímọ̀, á padà síbi tó ti wá."

Mo fi ìborùn mi bò ó. Lọ́jọ́ kẹta, mo jáde láti kíṣìnì, mo bá Uncle tí wọ́n ti kírun tán, tí wọ́n ń ká etí ìborùn sókè bí ẹni tó ń yọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ṣí wò.

"Uncle, kí lẹ ń wò?"

"Eruku ni mò ń wò." Wọ́n tún sún mọ́ ọn. "Ọkùnrin orí afárá yìí, ṣé kì í ṣe òun lọkọ obìnrin yìí?"

"Òun ni, sà."

"Ọ̀lẹ! Kò tiẹ̀ lè bá a fún ẹyọ aṣọ kan!"

"Irú wọn wà níbí náà, Uncle. Ẹ wo àbúrò yín lórí àga."

Ọkọ mi gbé fóònù tí kò dún sétí, ó ń bá ẹni tí kò pè é sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìborùn ò sinmi mọ́. Uncle ní àgbá inú ọkọ̀ yẹn ò jókòó dáadáa, ó máa dà nù. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n ká ẹní wọn nílẹ̀.

"Ìyàwó, mi ò ní purọ́. Mò ń kírun, ọkàn mi ń lọ sábẹ́ ìborùn. Èmi àti àwòrán yìí ò lè jọ lo pálọ̀ kan náà."

Mo nawọ́ láti gbé àwòrán mi kúrò lára ìṣó.

"Torí náà, yàrá yín ni màá ti máa kírun. Ẹ fi òun sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ àgbá yẹn máa já sí."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn yàrá wa ró gbàgbàgbà. "Ẹ dìde, ẹ wá tò sẹ́yìn mi!" Ọkọ mi, tó jẹ́ pé oòrùn ló máa ń bá a lórí ìrun àsùbá láti ọjọ́ tá a ti ṣègbéyàwó, fò dìde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ó ń táràrà wá fìlà. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo ní láti tún ìrun náà kí.