Ikọ́ Ààfáà Garba

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ fọn fèrè wọ Ìlọrin ni wọ́n mú Hàjàrá láti abúlé wá sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìpata, tí wọ́n sì fi í sí ilé kéú Ààfáà Garba. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, iṣu àti ọkà bàbà ló ń gbìn. Kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé ọmọ òun yóò ka Kùránì sétígbọ̀ọ́ òun kí òun tó kú.

Ọdún mẹ́sàn-án ló gbà. Àwọn mọ́kànlélógún ló jọ bẹ̀rẹ̀. Méje ló ṣẹ́ kù tí wọn yóò ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ ìparí Kùránì. Ọ̀sẹ̀ náà ti wọlé dé, ṣùgbọ́n Ààfáà Garba kò sí mọ́. Ọyẹ́ èṣí ló gbé e lọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀, Ààfáà Abdulmumini, tó kàwé ní Bídà, ló gba ipò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àlàrùbá, ó pe àwọn méjèèje jókòó láti dán wọn wò. Hàjàrá ni yóò ṣíwájú kíka súrà Yàsíínì, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́. Ó kà á geere títí ó fi dé ibi tí ọkùnrin kan ti ti ìpẹ̀kun ìlú sáré wá. Níbẹ̀ ó dúró, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mẹ́fà yòókù náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ dúró ná. Kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan, Ààfáà."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọ̀fun ń yún gbogbo yín?"

Gàní, aláwàdà inú wọn, ló dáhùn. "Ààfáà, ọkùnrin tó ń sáré bọ̀ yẹn ni. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó sáré la ìlú já, ṣé kò ní wúkọ́?"

"Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Garba ni. Bí wọ́n ṣe máa ń kà á nìyẹn."

Ààfáà pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. "Ikọ́ ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ibẹ̀ ni èémí rẹ̀ máa ń tán. Kò sí ikọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Hàjàrá, o gbọ́? Bí o bá wúkọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, màá ní kí Lami tó jókòó tì ọ́ yìí gbà á lẹ́nu rẹ."

Wọ́n gbé wàláà wọn, pátákó tí wọ́n fi ń kọ kéú, lọ sí odò láti lọ fọ̀ ọ́ fún ìgbà ìkẹyìn. Omi ń gbé tàdáà dúdú tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lami, ọmọ oníṣòwò obì láti Kánò, ló rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí gbogbo ilé kéú tú jáde láìtọrọ ààyè.

"Mo rò pé nínà ló kàn," ó ní. "Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, àṣé Bàbá ló wà níwájú gbogbo wa!"

"Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ wọn," ni Gàní wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Hàjàrá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ka ibi ọkùnrin asáré yẹn lábẹ́ ẹnu, ikọ́ náà sì ń yọ ṣáá.

"Lami, ìwọ ni kó o kà á."

"Wallahi, mi ò ní í gbà á. Bàbá rẹ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti oko nítorí rẹ, o ní kí n kà á?"

"Bí mo bá fo ikọ́ yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti Bàbá síta."

"Bàbá ìbá ti fi pàṣán lé ikọ́ ọ̀hún jáde tipẹ́, bí agbára bá wà," ni Gàní wí.

Lami nu wàláà rẹ̀ gbẹ. "Gbọ́. Èémí ni Bàbá kò ní. Ìwọ ní in. Mí dáadáa kó o tó débẹ̀, kó o wá bá Bàbá kà á já."

Hàjàrá kà á ní gbogbo ọ̀nà dé ilé, ó tún kà á ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, èrò kún àgbàlá dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Hàjàrá fa àgbò kan dé, erùpẹ̀ pupa bò ó lẹ́sẹ̀ dé orúnkún, ó sì jókòó sí iwájú pátápátá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó ti ṣe wòlímọ̀ lọ́dọ̀ Ààfáà Garba látijọ́ jókòó sí, àwọn ìyálé ilé àti ọkùnrin onírùngbọ̀n.

Hàjàrá ń kà á bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà ti ìpẹ̀kun ìlú sáré wá, ohùn Hàjàrá kò sì dúró, kò gbọ̀n.

Ẹ̀yìn ni ikọ́ ti wá. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà àwọn onírùngbọ̀n, lẹ́yìn náà gbogbo ọwọ́ ọ̀tún àgbàlá. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan. Ààfáà Abdulmumini fi etí láwàní bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Bàbá Hàjàrá yíjú wo ọ̀tún, ó yíjú wo òsì. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn níbẹ̀ nìyẹn. Kò fẹ́ kí wọ́n wí pé ará oko ni òun. Ó gbé ara rẹ̀ ró, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kíkankíkan, òun nìkan, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́.

Hàjàrá gbọ́ ọ. Ó tún mí, ó sì ń kà á lọ.