Mo Kọ́kọ́ Lọ Wo Pátákó Kí N Tó San Owó Ojú Làmídì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé mi ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ má fi arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́ o!

Ẹ mọ Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti lọ tipẹ́, tòsì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní tí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó parí nìyẹn. Wálé ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Índíà, àwa tá a jọ jáde sì dáwó. Bitcoin ni àwọn tó wà lókè òkun fi dá tiwọn, torí báǹkì ń fi nǹkan falẹ̀. Èmi ni akápò, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Èmi tí mo fi táípùràítà ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi!

Kí Wálé tó gbéra, ó wá jókòó tì mí ní fàráńdà. Ó ní bitcoin kò dà bí owó báǹkì. Tó bá ti lọ síbi tí kò yẹ, kò sí mánija tí èèyàn máa lọ bá. Nítorí náà, òun ti kọ address tí òun á fi gba owó, tó dà bíi nọ́ńbà àkáǹtì, sínú record domain òun, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́yìn orúkọ website iléeṣẹ́ òun. Gbogbo ayé ló lè kà á, àmọ́ ẹni tó ni orúkọ náà nìkan ló lè yí i padà. Ó fi ibi tí mo ti máa wò ó lórí fóònù hàn mí: kí n tẹ orúkọ website náà, kí n wá fi ohun tó bá jáde wé address tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.

"Daddy, kódà tó bá jẹ́ èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Wálé, pátákó Baba Pọ́tà lò ń sọ yìí!"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Pátákó onígíláàsì kan wà lẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù wa. Àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ìbàdí Baba Pọ́tà tó ń ṣọ́ họ́ọ̀lù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan pariwo ní kọ́rídọ̀ pé wọ́n ti sún ìdánwò wa tọjọ́ náà síwájú. Ayọ̀ dé! Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Làmídì ló fa bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára mi, tó wọ́ mi nínú òjò lọ síwájú pátákó. Nǹkan kan ò yí padà níbẹ̀. Aṣọ tútù la fi ṣe ìdánwò náà. Àwọn tó gba ariwo gbọ́ ńkọ́? Wọ́n tún ọdún yẹn kà ni. Áà, ìgbà yẹn! Mo ṣì ń gbóòórùn òjò náà.

Ó wá di òwúrọ̀ Tuesday kan. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì wọlé sínú group ẹgbẹ́ wa láti orí nọ́ńbà Wálé. Ó ní wọ́n ti ti ibi tí òun ń gba bitcoin sí pa, address tuntun nìyí, kí Daddy Dictionary jọ̀ọ́ sanwó kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gbé ààyè Làmídì fún aláìsàn mìíràn.

Dictionary ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí láti yunifásítì. Mo ti di fóònù mú láti sanwó, kí n tó rántí òjò yẹn. Mo bá lọ wo record. Address àtijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Mo kọ̀wé padà: Wálé, yí ti inú record padà, mà á sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò sáyè. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, kò gbé e. Ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n san án sí ti àtijọ́. Tó bá jẹ́ òótọ́ pé wọ́n ti tì í ńkọ́?

Kò pẹ́ ni Ààrẹ ẹgbẹ́ wa já dé láti Mende, tòun ti ṣòkòtò penpe tó fi sùn.

"Dictionary, ṣé orí ẹ pé? Ojú èèyàn ló wà nílẹ̀ o!"

Mo ní mo mọ̀.

"Ọmọ náà pè ẹ́ ní Dictionary. Gbájúẹ̀ wo ló mọ Dictionary?"

"Inú group wa kún fún Dictionary. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà ọmọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ á rí i kà."

"Tí Làmídì bá wá fọ́jú ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa máa fà á lọ́wọ́ kiri?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Àmọ́ mo ti pinnu. Mo ní, "Mà á fà á. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé owó ojú rẹ̀ fún ariwo kọ́rídọ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, kó lọ ṣí pátákó."

Ààrẹ pòṣé. Ó jókòó, ó mu omi mi. Èmi náà ò kúrò nídìí record.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, nọ́ńbà Índíà kan pè. Wálé ni! Fóònù nọ́ọ̀sì ló yá. Ó ní wọ́n ti gba nọ́ńbà òun mọ́ òun lọ́wọ́ láti àárọ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni, ṣé mo ti sanwó? Mo ní rárá o. Ó ní kò sẹ́ni tó ti nǹkan kan pa, address inú record náà ló ṣì wà. Ṣé ẹ rí i, mi ò tiẹ̀ gbára lé ohùn rẹ̀ nìkan. Ibi tí record wí ni mo san án sí, Ààrẹ sì ń bá mi ka lẹ́tà rẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé Làmídì wọlé iṣẹ́ abẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Làmídì ti dé. Ó sọ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé mi, ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Dictionary, ta ló sọ ẹ́ di arúgbó báyìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń lé yín léré pé kẹ́ ẹ sanwó, ó lè mọ orúkọ ìnagijẹ yín, ó lè mọ orúkọ aláìsàn yín. Ẹ ní kó lọ kọ address rẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn ò ní kọ́kọ́rọ́ sí. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ mú sùúrù, kódà bí ọ̀rẹ́ ń bínú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti pariwo ní kọ́rídọ̀ tiyín rí, kí lẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Làmídì ní kí n sọ fún yín pé òun fúnra òun ló máa kà á.