Àgbá Ẹja àti Píìsì Kútọnu

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilé ìṣọ́ pápákọ̀ máa ń gba ènìyàn láyè láti ṣe ìdánwò ẹnu. Mo ti fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní mo ń sọ ohun tí mo rò bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láràárọ̀, nílé ìyá ìyá mi ní àdúgbò Houinmè, tí mò ń wa ọkọ̀ òfuurufú inú eré ìdánrawò, tí mo sì ń tẹ́tí sí ohùn ilé ìṣọ́ tó ń sọ ibi tí n ó balẹ̀ sí.

Píìsì kan ṣoṣo, ọ̀nà gbọọrọ tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí, ló wà ní Kútọnu inú eré náà, ṣùgbọ́n orí méjì ló ní, nọ́ńbà sì ni wọ́n fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń lo mẹ́rìnlélógún. Èyí tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn ń lo mẹ́fà. Láti ìgbà òjò, mẹ́rìnlélógún ni ohùn náà ń fún mi. Mo ka ogójì ìgbà kí n tó kọ ọ́ sínú ìwé mi pé bẹ́ẹ̀ ni Kútọnu ṣe rí. Mo rò pé ogójì tó.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí n padà lọ ṣe ìdánwò, ohùn náà ní kí n lo mẹ́fà. Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo balẹ̀ sí mẹ́rìnlélógún, ọkọ̀ kò sì dúró títí ó fi kọjá òpin píìsì bọ́ sínú koríko. Mo pa eré náà, mo tún un ṣí. Mẹ́fà. Mo gbà pé ó ti bàjẹ́, mo bá jáde sí àgbàlá.

Ìyá àgbà ń wọ́ àgbá tó fi ń yan ẹja lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí ló dé tí ẹ ń gbé e kúrò?"

"Ọkọ mi, o ti balẹ̀? Ọyẹ́ ti dé, afẹ́fẹ́ ti yí. Bí mo bá fi í síbẹ̀, èéfín á yan èmi náà mọ́ ẹja."

"Ṣé ọdọọdún lẹ ń gbé e?"

"Àfi ẹni tó ń fò lókè ni kò mọ̀."

Mo bá a wọ́ ọ. Ọkọ̀ a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ kó lè tètè dúró: mo ti ka ìyẹn tipẹ́, mo sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òde gidi ni eré náà ń lò. Ohun tí mi ò rò ni pé inú àsìkò kan ṣoṣo, ìgbà òjò, ni gbogbo ogójì mi ti wá.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá tó ń bi mí léèrè ní kí n sọ orí píìsì tí n ó fún ọkọ̀ tó ń bọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń wá?"

"Kò sí afẹ́fẹ́ rárá."

Mi ò rí irú ẹ̀ rí nínú eré. "Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò wo ojú mi.

Nígbà tí èsì jáde, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Mi ò lè sọ pé ìdáhùn yẹn ló fà á. Ìbéèrè mìíràn wà. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Mo ṣí eré náà: mẹ́rìnlélógún. Mo pa á.

"Wọ́n gbà ẹ́?" Ìyá àgbà ló ń béèrè láti àgbàlá.

"Rárá, mà."

Ó di apá kan àgbá náà mú. "Ó dáa. Wá bá mi di apá kejì mú. Afẹ́fẹ́ ti padà."

A gbé àgbá náà padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Irin rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.