Ilé Onítáyà Tó Ń Tì Wá Sọ̀kalẹ̀ Òkè

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹja díndín láàárọ̀ Sátidé, inú mi a kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà àyà mi a já. Òórùn yẹn ló gba gbogbo ilé wa ní Ellenwood, l'Amẹ́ríkà níhìn-ín, láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ so kámpà rẹ̀, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, mọ́ píkọ́ọ̀pù. Láti ìgbà tí a ti kírun àsùbáà ni Mọ́mì ti ń dín ẹja. Ìrì ṣì wà lórí koríko iwájú ilé. Èmi Ràfíà àti Jámíù àbúrò mi ti wọ bàtà, a jókòó sórí àtẹ̀gùn, à ń wo Dádì bó ṣe ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhìn-ín nígbà tí èmi náà ń dàgbà, ẹ ó ti mọ irú bàbá tí mò ń sọ. Iṣẹ́ iná ni Dádì ń ṣe, ó máa ń lọ láti ilé dé ilé tún wáyà ṣe, kò sì lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Bí àlejò ẹni tí kò mọ̀ rí bá balẹ̀ sí éápọ́ọ̀tù, òun ni wọ́n á pè. Bí Mọ́mì bá ráhùn, á ní, "Èèyàn laṣọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń pa gbogbo ẹjọ́. Mọ́mì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, tó sì mọ bí ara ènìyàn ṣe ń wúwo tó bí a bá fẹ́ gbé e dìde, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà: "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a lọ ra kámpà yẹn. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ọrùn rẹ̀ gùn wá síwájú, wọ́n á sì gbé e lé irin ńlá kan tí wọ́n dè mọ́ inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Nítorí náà ọkọ̀ kì í fà á nìkan, ó tún ń pọ̀n ọ́n bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Dádì bi ẹni tó ń tà á bóyá ọkọ̀ òun á lè fà á, ọkùnrin náà sì ní á fà á láìsí wàhálà. Kò parọ́. Ó fà á lóòótọ́. Àmọ́ òfìfo kámpà ló ń sọ, kò sì sẹ́ni tó bi í bí ẹrù tí ọkọ̀ náà lè pọ̀n sẹ́yìn ṣe lè wúwo tó. Ìdáhùn yẹn wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí Dádì ń gbà wọlé lójoojúmọ́. Mọ́mì rìn yí inú kámpà ká, ó rí bẹ́ẹ̀dì ńlá, ó rí kíṣìnnì, ó jáde wá wo ọkọ̀ wa, ó wá pa òwe rẹ̀. Dádì fi òwe náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ràfíà, kí lo mọ̀ nípa truck?"

Ibi tí à ń lọ ni etí adágún kan láàárín àwọn òkè ní àríwá Georgia, níbi tí àwọn ará àsàlátù wa máa ń kó ìdílé wọn lọ ṣe fàájì. Ìròyìn ti tàn láàárín wọn pé Dádì ra ilé onítáyà. Ẹ sì mọ̀ wá: ẹni tó ń lọ là ń bá rán ẹrù. Kí Mọ́mì tó dín ẹja tán, mọ́tò ti ń tò síwájú ilé wa. Ìyá Àdínì, àgbà obìnrin tó ń ṣáájú àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ náà, gbé kúlà ńláńlá tó kún fún ẹran àgbò àti yìnyín wá. Ó ní, "Ẹ bá mi wábì kan fi wọ́n sí." Ẹnìkan gbé èédú wá, ẹnìkan gbé ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se ìrẹsì òde, ẹnìkan kó omi inú ike wá ní páálí-páálí. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ẹni tó bá yọjú wo inú kámpà ló ń sọ ohun kan náà: "Àyè ṣì wà." Àyè sì wà lóòótọ́, ìyẹn ló tàn wá jẹ. Ojú la fi ń wọn ẹrù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò ní ojú, ẹ̀yìn nìkan ló ní.

Nígbà tí kámpà gbé ọrùn lé ọkọ̀ tán, ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, imú rẹ̀ sì gbókè. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ pé, "Dádì, mọ́tò yín ń wo òkè." Ìyá Àdínì rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí lójú. Dádì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìdí ọkọ̀, ó wo Ìyá Àdínì, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, mo sì rí i. Ó mọ̀. Mo rò pé á sọ̀rọ̀. Ó kàn sọ pé ká wọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Lójú pópó títẹ́jú, kò sí nǹkan kan, àfi pé Dádì ń yí ìdarí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé táyà iwájú ò fẹ́ gbọ́ràn. Kò tan rédíò. Nígbà tí a dé ibi òkè, ẹ́ńjìnnì ń kérora, a ń gùn ún, a ń gùn ún, inú mi sì dùn pé a ó gùn ún tán. N kò mọ̀ pé gígùn rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń tì wá. Dádì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ rọra falẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò falẹ̀ tó tàkọ́kọ́. Òórùn kan wá wọlé, ó bo òórùn ẹja mọ́lẹ̀, òórùn irin tó ń jóná. Mọ́mì ń ka "Hasbunallahu" láìgbé ohùn sókè. Jámíù tọ̀ sára, kò sẹ́ni tó bá a wí. Lójú fèrèsé tèmi, orí igi ni mò ń rí nísàlẹ̀, n kò rí ilẹ̀. Dádì wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ìyá Ràfíà, kò mú mọ́." Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rò pé bàbá mi ṣì wà níbẹ̀.

Ó fa jíà wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ ń sáré síbẹ̀. Ní kọ́nà kan, ó rí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí, tó gun òkè, tí wọ́n là fún ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀. Ó yà síbẹ̀. Òkúta gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ gbàgàgbàgà, ó gbá táyà mú, ó sì dá wa dúró. Eruku bò wá. Ọwọ́ Dádì kò kúrò lórí ìdarí ọkọ̀. Mọ́mì ló tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ́tò Ìyá Àdínì àti ti àwọn tó kù ti ń tẹ̀ lé wa bọ̀ látilé. Ìyá Àdínì sọ̀ kalẹ̀, ó wo èéfín tó ń jáde lára táyà, ó bi Dádì ohun tó ṣẹlẹ̀. Dádì ní ẹrù ló pọ̀ jù, òun sì ti rí i látilé.

"Ẹ ti rí i, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún yín?"

Màmá náà jókòó sórí òkúta, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ṣé ẹran àgbò lẹ fẹ́ kí n fi pa ọmọ yín?" Dádì ṣí ilẹ̀kùn kámpà. Wọ́n pín ẹrù náà sínú mọ́tò àwọn tó kù, ọkọ̀ ńlá kan wá fa kámpà lọ, Dádì sì tà á. Kò tún dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́.

Lọ́dún yìí, èmi àti ọkọ mi, tí à ń gbé ní Grayson, lọ wo kámpà onírú ọrùn bẹ́ẹ̀ ní Suwanee. Àwọn ọmọ wa ló ń yọ wá lẹ́nu. Ẹni tó ń tà á ní ọkọ̀ wa á fa èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Kí n tó wo bẹ́ẹ̀dì kankan, mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ka iye ìwúwo tó wà lára bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo yọ ìwúwo wa kúrò nínú rẹ̀, mo yọ ti àwọn ọmọ àti èyí tí wọ́n máa fi kún un bí wọ́n bá ń dàgbà, mo yọ ti irin tí kámpà ń gbọ́rùn lé. Mo ro omi inú táǹkì mọ́ kámpà fúnra rẹ̀. Ọkọ mi rò pé mo ti parí. Mo ní ó ku ti Ìyá Àdínì.

Màmá náà ti dolóògbé, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ, àmọ́ kúlà rẹ̀ ò kú. Ní kékeré, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá dàgbà, màá lè sọ ohun tí Dádì kò lè sọ láàárọ̀ yẹn. Mo ti dàgbà, n kò lè sọ ọ́. Bí àgbà bá gbé ẹrù wá síwájú ilé mi, màá gbà á, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ni mo ní tí Dádì kò ní. A fi èyí tó tóbi sílẹ̀, a ra kékeré, ọkọ mi sì kùn títí a fi délé.

Láàárọ̀ tí a fẹ́ kọ́kọ́ gbé e jáde, Dádì wá láti Ellenwood. Ó ti darúgbó. Ó gbé kúlà kan dání, ẹja tí Mọ́mì dín ló wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ mi kó tó sọ̀rọ̀. Kò gbé e fún mi. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo ìdí rẹ̀.

Ó ní, "Jẹ́ kí n fi mọ́tò tèmi gbé e tẹ̀ lé yín."

"Mo ti ka tiyín mọ́ ọn, sà."

Mo na ọwọ́. Ó di kúlà náà mú síbẹ̀. Ó ní, "Wò ó dáadáa, Ràfíà. Bó bá pọ̀ jù, sọ fún mi. N kò ní bínú."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e wọlé. Mo wá lọ síwájú ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo wo imú rẹ̀. Ó dọ́gba. Dádì náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò ó, àyà àwa méjèèjì sì ń já.